Ìyẹ̀fun Abẹ́ Pákó

Ọjà pákó Dei-Dei ni mo ti ń jẹun,
ọdún kẹtàdínlógún rèé.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa fi èékánná kan igi
kí n tó sọ fún ọ bóyá arère ni tàbí afàrà,
bóyá òjò pa á lójú ọ̀nà Oǹdó
tàbí ó ti gbẹ kí wọ́n tó là á.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi,
n ò mọ̀ ọ́n kà.

Mo ṣe bí ọyẹ́ ló gbé e dé.
Àmì pupa wẹ́wẹ́ lókè ọrùn ẹsẹ̀,
bíi pé ẹnì kan ń fi abẹ́rẹ́ gún mi lóru.
Mo ní eruku ayùn ni.
Ó gun ojúgun, ó dé orúnkún.
Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, pípọ́n rẹ̀ ò kúrò.
Ẹ̀yìn mi ń yún mi, mo ń fi ara ha ògiri bí ewúrẹ́.

Màláàmù Habu tó ń rù fún wa ní kàzúwà ni,
kí n fi kẹrosíìnì pa á.
Oníkẹ́míìsì Kubwa ta ìpara fún mi, ó tún ta òmíràn.
Ìyá Ṣúkúrá nílé kejì wò mí títí,
ó ní, "Ta lo jẹ lówó?"
Mùíbá aya mi ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn gbé kànrìnkàn tirẹ̀ sọ́tọ̀
sórí fèrèsé.
Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Nígbà tí oríkèé ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí,
tí pákó kan ṣoṣo wúwo bí odidi gẹdú,
mo wọ mọ́tò lọ sí Gwagwalada.

Nọ́ọ̀sì Laraba tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́sẹ̀.
Kò bi mí nípa ọṣẹ.
Kò bi mí nípa ẹni tí mo jẹ lówó.
Ó ní, "Báwo ni àwọ̀ ìtọ̀ yín?
Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára rí?"
Mo rántí ọdún tí ayùn bù mí lápá ní Suleja,
àpò ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n so kọ́ lókè orí mi,
tí gbogbo ilé ń wí pé Ọlọ́run ṣeun.
Ọlọ́run ṣeun náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, dókítà pe orúkọ rẹ̀:
àrùn ẹ̀dọ̀, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà C dá mọ̀.
"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́," ó ní,
"awọ ẹsẹ̀ yín ló ń bá a jíṣẹ́."

Ẹ̀dọ̀!
Ẹ̀dọ̀ tí ìyá mi ní kí n máa fi lé orí òróòro
nígbàkígbà tí inú bá ń bí mi.
Mo fi lé e, ìyá. Mo fi lé e títí.
N ò mọ̀ pé àlejò ti tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.
Ta ni kò mọ̀ ní Dei-Dei
pé bí ìyẹ̀fun bá ń dà lábẹ́ pákó láràárọ̀,
òmùgọ̀ ní ń gbá ìyẹ̀fun?
Igi là ń là wò.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Èmi tí mo ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní èyí
ni mo gbá ìyẹ̀fun ẹsẹ̀ mi fún oṣù mẹ́jọ.

Oògùn ọ̀sẹ̀ méjìlá ti wà lórí fèrèsé báyìí
lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànrìnkàn Mùíbá.
Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un:
kì í ràn nínú abọ́, kì í ràn nínú ìdìmọ́ra,
abẹ ìfárùngbọ̀n mi ni kí ẹlòmíràn má lò,
kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.
Ó dákẹ́, ó ń já ẹ̀fọ́.
Ó ní, "Lọ́jọ́ wo?"
Mo ní Ọjọ́rú.
Ó fi ìró nu ọwọ́,
ó wá fi ìka kan tẹ ojúgun mi jẹ́jẹ́,
bí mo ti máa ń tẹ pákó tuntun
láti mọ ohun tó wà nínú.